Ọmọ ogun Kírìjì kún orí tábìlì mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò lọ síbẹ̀ mọ́

ÀyìnláLeeds

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí kíkun ère kékeré ni mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń ṣe ọmọ ogun Kírìjì, ère tí gíga wọn jẹ́ 28mm, apá kan Ìbàdàn, apá kejì Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀ bá Ìbàdàn jà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló bá mi ya wọ́n, a sì fi ẹ̀rọ 3D tẹ̀ wọ́n jáde ní résìn. Mo ti fọ̀ wọ́n, mo ti fín ọ̀dà ìpìlẹ̀ dúdú sí gbogbo wọn lára, mo ti tò wọ́n sórí tábìlì. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ dúró sí. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, màá jókòó, màá tan iná, màá mú búrọ́ọ̀ṣì, màá wò wọ́n títí, màá tún dìde.

Nígbà tí mo ń kun ère eré ogun Warhammer, irú èyí kì í ṣe mí. Games Workshop tó ń ṣe é ti kun tiwọn sára páálí kí n tó rà á. Bí ó bá jẹ́ Ultramarines, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn, búlúù ni, kò sí àríyànjiyàn. Ta ló máa wá sọ fún mi irú aṣọ tí ọmọ ogun Ìbàdàn wọ̀ ní 1880? Wọn kò ní yúnífọ́ọ̀mù. Gbogbo àwọ̀ ló ṣí sílẹ̀ fún mi, mo sì rò pé òun gan-an ló ń dẹ́rù bà mí.

Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí iṣẹ́ fi ń wù yín nígbà tó bá pọ̀ báyìí? Báwo lẹ sì ṣe ń yan àwọ̀ nígbà tí kò sí àpẹẹrẹ kankan níwájú yín?

Ẹ̀gbọ́nMúṣin

Àbúrò, o kú iṣẹ́ o. Kó gbogbo wọn kúrò lójú ẹ ná. Wá páálí bàtà, tò wọ́n sínú ẹ̀, gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí márùn-ún péré kù lórí tábìlì. Nínú márùn-ún yẹn, mú ẹyọ kan, kùn ún tán pátápátá kí o tó fọwọ́ kan ìkejì. Tán tí mo wí, ó kan ojú, èékánná, okùn àpò, ilẹ̀ tí ère dúró lé, àti fáníìṣì lórí gbogbo ẹ̀.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé bí ère rẹpẹtẹ bá wà ní ìdajì, kò sí ọ̀kan tí o lè gbé sọ́wọ́ kí inú ẹ dùn sí. Gbèsè ni ojú ẹ ń rí nígbàkigbà tí o bá kọjá níwájú tábìlì. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan tó bá ti pé, òun ni yóò di àpẹẹrẹ tí o ní kò sí. Àwọ̀ tó bá dára lára ẹ̀, ìyẹn lo máa tẹ̀ lé fún àwọn yòókù. Èyí tí kò bá dára, ère kan ṣoṣo ló bá a lọ.

Níbí l'Ékòó, iná NEPA ló ń pín iṣẹ́ fún mi. Ohun tó bá gba ojú, irú bí ìlà tínínrín tàbí ẹyinjú, ọ̀sán ni mo ń ṣe é lẹ́bàá fèrèsé. Lálẹ́, bó bá jẹ́ iná alágbàpamọ́ ló wà, igi ìbọn, bàtà àti ilẹ̀ ìdí ère ni mo ń ṣe. Kò sí ọjọ́ tí n kì í rí iṣẹ́ tó bá ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ náà mu. Ìwọ náà, wo wákàtí tí ara ẹ bá le, kí o fi iṣẹ́ tó le sí i. Alẹ́ tí o bá ti rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ kọ́ ni ó yẹ kí o máa yan àwọ̀.

Búrọ́ọ̀ṣìManchester

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà. Ogun ńlá báyìí, kéèyàn máa kùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan? Àyìnlá á darúgbó síbẹ̀. Ère tí a fẹ́ fi ṣeré ogun lórí tábìlì ni, kì í ṣe èyí tó ń lọ síbi ìdíje Golden Demon.

Ọ̀dà Contrast tí Citadel gbé jáde ní 2019 ti mú kí ọ̀rọ̀ yìí rọrùn. Ó ń ṣàn wọ inú kòtò, ó ń fẹ́lẹ́ níbi tó yọ sókè, ìkùn kan ṣoṣo, òjìji àti ìmọ́lẹ̀ ti wà níbẹ̀. Bí èmi ṣe ń ṣe nìyí: ọ̀dà ìpìlẹ̀ dúdú bó ṣe wà yẹn, màá fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá tó gbẹ gbá àwọ̀ eérú lé e, màá fi funfun gbá kìkì ibi tí oòrùn lè bà, ìyẹn orí, èjìká, eékún. Lẹ́yìn náà ni Contrast. Gbogbo ṣòkòtò lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn ẹ̀ gbogbo igi ìbọn, lẹ́yìn ẹ̀ gbogbo àpò awọ. Màá tan rédíò sílẹ̀, ọwọ́ á máa lọ fúnra ẹ̀.

Ohun tó ń pa ìfẹ́ iṣẹ́ ni kéèyàn máa ronú sí gbogbo ìkùn. Yan àwọ̀ mẹ́fà, ti ilẹ̀kùn mọ́ ìrònú, bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Àdùkẹ́75mm

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí awọ ara ní tèmi, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń jáwọ́. Bí ojú ère bá rí bí ojú òkú, kò sí ọgbọ́n tí èèyàn lè dá tí yóò fi wù ú láti kun èyí tó kàn.

Fídíò tó pọ̀ jù lórí YouTube, awọ òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ́ni. Wọ́n á ní kí o máa fi funfun kún àwọ̀ ìpìlẹ̀ kó lè máa mọ́lẹ̀ sí i. Gbé ìyẹn lé awọ dúdú, ère ẹ á funfun bí ẹni tí ọyẹ́ mú tí kò fi òróró para. Funfun ń pa pupa tó wà nínú búráùn, pupa yẹn ló sì ń jẹ́ kí awọ dà bíi pé ẹ̀jẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀.

Ìpìlẹ̀ tèmi jẹ́ búráùn tó ṣú, tó ní pupa nínú. Fún òjìji, búráùn yẹn náà ni màá fi búlúù dúdú tàbí àwọ̀ àlùkò díẹ̀ sí. N kì í lo dúdú lásán, torí ńṣe ló ń gbẹ́ ihò sára ère. Òjìji yẹn ń lọ sábẹ́ àgbọ̀n, sínú kòtò ojú, sínú ìgbọ̀nwọ́, sábẹ́ ètè ìsàlẹ̀. Tí mo bá fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́lẹ̀, màá padà sí ìpìlẹ̀, màá fi àwọ̀ ọsàn kún un, màá fi kan iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èjìká. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá wá fi àwọ̀ iyanrìn díẹ̀ kún àpòpọ̀ yẹn, kó kéré sí i, kó sì máa lọ sókè sí i.

Ìkẹyìn ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó dúdú tó sì làágùn nínú oòrùn, ojú ọ̀run ló ń hàn lára ẹ̀. Nítorí náà, ní ṣóńṣó imú, lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti oríkèé ìka, màá fi búlúù tó mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ sínú àpòpọ̀ tó mọ́ jù, màá fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kàn án, kó má ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ojú ẹsẹ̀ ni ère yẹn máa jí. Gbìyànjú ẹ̀ wò lára ẹyọ kan lálẹ́ òní, Àyìnlá, kí o sì sọ fún mi bóyá kò ní wù ẹ́ láti mú ìkejì.

Kí gbogbo wọn má sì dúdú bákan náà. Ẹni pupa wà, adúmáadán wà, gbogbo wọn ló lọ sógun. Po ìpìlẹ̀ mẹ́ta, pín in láàárín wọn.

Búrọ́ọ̀ṣìManchester

Àdùkẹ́, mo ń fi eléyìí pamọ́. Ṣùgbọ́n ṣé lára gbogbo wọn ni?

Àdùkẹ́75mm

Ojú àti ọwọ́ nìkan. Ibẹ̀ ni ojú èèyàn kọ́kọ́ ń lọ. Ẹsẹ̀, kí Contrast máa bá a lọ.

ÀyìnláLeeds

Mo dúpẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n, mo ti kó wọn sínú páálí bí ẹ ṣe wí, tábìlì ti fẹ̀. Àǹtí Àdùkẹ́, mo gbìyànjú àwọ̀ ọsàn yẹn sára ọ̀kan, mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó.

Ó wá ku aṣọ. Olórí ogun Ìbàdàn kan wà níbẹ̀ tí agbádá ẹ̀ fẹ̀ dáadáa, mo sì ń rò ó pé kí n ya adìrẹ Ìbàdàndùn sí i lára. Ṣé ó ṣe é ṣe lára 28mm?

AláróÒṣogbo

Ó ṣe é ṣe, ṣùgbọ́n má ṣe é. Òpó Gbọ̀ngàn Màpó wà nínú Ìbàdàndùn, 1929 ni wọ́n sì ṣí Màpó. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àdéhùn àlàáfíà wáyé ní 1886, wọ́n sì tú àgọ́ ká ní 1893. Olórí ogun ẹ ti kú kí wọ́n tó fi òpó lélẹ̀.

Aṣọ aró lásán, tí kò ní àwòrán, ni kí o ṣe, ó sì dùn ún kùn ju bí o ṣe rò lọ. Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ni pé wọ́n gbọ́ aró, wọ́n mú búlúù. Aṣọ tó wọ inú ìkòkò aró léraléra kì í ṣe búlúù mọ́, ó ti fẹ́ẹ̀ dúdú. Bó bá ṣì jẹ́ tuntun tí wọ́n lù ú dáadáa, ó máa ń dán, pupa kan sì máa ń yọ lójú ẹ̀ bí o bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Po búlúù dúdú mọ́ dúdú, fi àwọ̀ àlùkò bín-ín-tín sí i. Ibi tó ti gbó, ìyẹn èjìká, eékún, etí àpò, ni kí o fi búlúù eléérú kùn. Aṣọ ogun ni, ó ti sùn sínú igbó, ó ti rí òjò. Ibi tó ti ṣá yẹn ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń wò ó.

Bí o bá fẹ́ ọnà lára olórí ogun dandan, ẹtù ni kí o fún un. Aró yẹn náà ni, pẹ̀lú ìlà funfun tínínrín. Má fa ìlà yẹn tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níbi tí aṣọ bá ti ṣẹ́, gé e. Níbi tí aṣọ bá ti tún yọ, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ padà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ìlà mélòó kan ti tó, ojú á bá ẹ parí èyí tó kù. Sányán, àwọ̀ iyanrìn ni. Àlàárì, pupa tó jinlẹ̀ ni. Bí aṣọ òkè gidi bá wà nílé yín, tẹ́ ẹ sẹ́bàá fèrèsé, jìnnà sí i, dínjú wò ó. Àwọ̀ tí o bá rí nígbà náà ni kí o pò, kì í ṣe èyí tí o rí nígbà tó wà lọ́wọ́ ẹ.

ỌmọÒkèmẹsí

Inú mi dùn dé góńgó láti rí ìjíròrò yìí. Ìlú wa ni Fábùnmi ti pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tí ọ̀rọ̀ fi di ogun, mo sì ti ń retí ọjọ́ tí ẹnìkan máa ṣe é ní ère.

Àyìnlá, ìbọn ni kí o kọ́kọ́ fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìbọn ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn gbé, ó gùn, igi ẹ̀ ti dúdú fún èéfín àti òróró. Ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ tó wà l'Ékòó ran àwọn ará ilé lọ́wọ́ láti rí ìbọn tí a ń ti ẹ̀yìn kì, Snider wà lára wọn. Ìyẹn kúrú sí i, irin ẹ̀ tuntun, igi ẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Má kun gbogbo irin bákan náà. Irin ṣakabùlà, fi búráùn sí i lára. Ti Snider, jẹ́ kó tàn.

Aṣọ ńkọ́? Níwọ̀n bí kò ti sí yúnífọ́ọ̀mù, òfin kan ṣoṣo ni kí o ṣe fún ara ẹ. Èmi á ní kí Ìbàdàn fara mọ́ aró, kí Èkìtìparapọ̀ fara mọ́ kíjìpá funfun àti àwọ̀ òwú. Kì í ṣe pé ìtàn sọ bẹ́ẹ̀ o. Ọgbọ́n àwa tí à ń kùn ni, kí ẹni tó dúró lókèèrè sí tábìlì lè mọ ẹni tó ń bá ẹnì kejì jà. Nínú òfin yẹn, ẹnì kọ̀ọ̀kan lè wọ tiẹ̀ bó ṣe wù ú: ọ̀kan ní fìlà, òmíràn ká ṣòkòtò, ẹ̀kẹta so oògùn mọ́ apá.

ÌyáÌjẹ̀búPeckham

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àjọsọ. Ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ Thomas Ọnà Odùlátẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni, Èkó ló ti ṣiṣẹ́ nígbà ìjọba òyìnbó, ère kékeré ló sì ń gbẹ́: ajẹ́lẹ̀ òyìnbó lẹ́nu ìrìn àjò, lọ́yà tó dé irun funfun, ọlọ́pàá, ẹni tó gun ẹṣin. Díẹ̀ nínú wọn wà ní British Museum níbí.

Ẹ wo ohun tó fi kùn wọ́n: tàdáwà dúdú, tàdáwà pupa, àti pólíìṣì funfun tí a fi ń kun bàtà. Ó tán. Èyí tó kù, àwọ̀ igi fúnra ẹ̀ ló fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ojú kì í kúrò lára ère yẹn, torí pé ó mọ ibi tí pupa ń lọ. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó bá a sọ̀rọ̀, kọ ọ́ pé ó ní òun kò fi àwọn òyìnbó ṣẹlẹ́yà, bí òun ṣe rí wọn ni òun ṣe gbẹ́ wọn.

Àyìnlá, ìgò ọ̀dà mélòó ló wà níwájú ẹ? Mo rò pé wọ́n pọ̀ jù. Mú mẹ́rin, kó èyí tó kù sínú páálí tí o kó ère sí. Ẹni tó ní àwọ̀ mẹ́rin kì í bẹ̀rù àwọ̀, ibi tí yóò fi wọ́n sí ló ń rò.

ÀyìnláLeeds

Ìyá wa, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ pupa yẹn wọ̀ mí lára. Ta ló yẹ kí n fi pupa fún?

ỌmọÒkèmẹsí

Èmi ọmọ Òkèmẹsí ni mo ń sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n òótọ́ ni òótọ́ ń jẹ́: Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, ni. Àlùfáà Samuel Johnson, tó wà lára àwọn tó ń sáré àárín àgọ́ méjèèjì láti wá àlàáfíà, ṣàlàyé ohun oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ìyẹ́ ìkóóde wà níbẹ̀, awọ ẹkùn tí a ń so mọ́ iwájú náà wà níbẹ̀. Ìkóóde pupa lórí ẹnì kan ṣoṣo láàárín aṣọ aró tó ṣú, kò sẹ́ni tó máa béèrè ibi tí Kakaǹfò wà.

ỌmọKétu

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi tiwa láti Kétu kún un. Nínú iṣẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ère kì í gba ọ̀dà lẹ́ẹ̀kan kó parí. Bí ọdún bá ń bọ̀, wọ́n á tún un kùn. Àwọn àgbà lo ẹfun, osùn àti aró. Lónìí, ọ̀dà ilé ìtajà ni ọ̀pọ̀ ń lò. Orí ère kan náà lè jẹ́ yẹ́lò lónìí, kó di búlúù nígbà míì, kò sì sí ẹni tó máa ní wọ́n bà á jẹ́.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé mo rí i pé ẹ̀rù ìpinnu ló ń ba Àyìnlá. Ọ̀dà lára résìn náà ṣe é tún kùn. Bí o bá kun ẹtù lónìí tí o rí àlàárì tó dára jù lọ́dún tó ń bọ̀, fín ọ̀dà ìpìlẹ̀ lé e, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́tun. Má kàn jẹ́ kó nípọn jù kí ojú ère má baà bò.

Búrọ́ọ̀ṣìManchester

Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dára, mo sì ti kọ́ nǹkan nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣì dúró lórí tèmi: ogun tí wọn kò kùn tán kò lè jáde. Látòósà, Ògèdèǹgbé tó ṣáájú ogun Èkìtìparapọ̀, Fábùnmi, ẹ máa kùn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe wí. Àwọn tó ń gbé ìbọn lẹ́yìn wọn, kí a kùn wọ́n pọ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbé wọn sókè wo èékánná.

Ẹ̀gbọ́nMúṣin

Èmi máa ń gbé wọn sókè wo èékánná.

ÀyìnláLeeds

Ẹ̀yin ará, mo ti parí ẹyọ kan, ọmọ ogun Ìbàdàn tó kúnlẹ̀ tó ń yìnbọn. Àwọ̀ mẹ́rin péré, bí Ìyá wa ṣe wí: dúdú, búlúù dúdú, búráùn pupa, àwọ̀ iyanrìn. Búlúù tó mọ́ fún ojú àti àwọ̀ ọsàn fún awọ, mo yá wọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mo dá wọn padà sínú páálí. Èjìká aṣọ ẹ̀ ti ṣá, eékún tó fi kanlẹ̀ ní erùpẹ̀ pupa lára, irú erùpẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìgbájọ. Ẹ̀gbọ́n, mo gbé e síwájú mi nígbà tí mo ń kun ìkejì, n kò sì ní láti ronú lórí ṣòkòtò mọ́. Mo wo òun, mo kùn ún.

Mo ti pinnu pé pupa kankan kò ní kan ọmọ ogun Ìbàdàn yòókù. Kódà àlàárì, n kò ní fún ẹnikẹ́ni. Ó di ọjọ́ tí mo bá kan Látòósà.

Ìbéèrè kan ló kù. Fáníìṣì ńkọ́? Òjò kì í dá níbí, mo sì ń bẹ̀rù pé èyí tí a ń fín lè fọ́ funfun lé iṣẹ́ mi lórí.

Ẹ̀gbọ́nMúṣin

Ẹ̀rù yẹn tọ̀nà. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù rin, má fín nǹkan kan. Ní àsìkò òjò níbí, èyí tí a ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa ni mo ń lò, aláìdán. Mì ín dáadáa, má fi púpọ̀ sẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì, pa á fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí àkọ́kọ́ gbẹ pátápátá kí ìkejì tó dé e. Kọ́kọ́ dán an wò lára ère tí kò já mọ́ nǹkan. Bí ó bá di ìgbà ọyẹ́, ìṣòro máa yí padà: ọ̀dà á máa gbẹ sẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn, abọ́ onídèérí ni kí o wá, fi kàìnkàìn tó tutù sísàlẹ̀ ẹ̀, tẹ́ bébà tí a fi ń yan nǹkan lé e, orí bébà yẹn ni kí o ti máa po ọ̀dà.

ỌmọÒkèmẹsí

Àyìnlá, ta ló kàn? Má sọ fún mi pé Látòósà ni o. 1885 ló kú sí ibùdó ogun, kò dúró de àdéhùn. Fábùnmi ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ dìde.

ÀyìnláLeeds

Fábùnmi ni. Kíjìpá funfun, ìgbàdí oníbúráùn, idà lọ́wọ́. Tí ọmọ Òkèmẹsí bá ní àwòrán kíjìpá àtijọ́, kó bá mi fi síbí kí n tó po funfun yẹn.